Igi Kan àti Igbó: Ẹ̀rọ Ìpòpọ̀ àti Ìbéèrè Nípa Ẹ̀rí

Ìbéèrè kan wà ní ìdí gbogbo iṣẹ́ àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í sábà kà mọ́ ìbéèrè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí orúkọ mìíràn tí ó yẹ ẹ́: ṣé díẹ̀ lè jẹ́rìí fún púpọ̀, kí ẹ̀rí náà sì jẹ́ òtítọ́? Àwọn àgbà ti fèsì sí i nínú òwe pé igi kan kì í dá igbó ṣe, ṣùgbọ́n alásè tí ó fi ṣíbí kan tọ́ ọbẹ̀ wò, tí ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó, ti fún ìbéèrè kan náà ní èsì mìíràn, nítorí kò mu gbogbo ọbẹ̀ inú ìkòkò tán kí ó tó mọ̀. Òwe kò parọ́, alásè náà kò sì ṣìṣe. Ohun tí ó fi ìyàtọ̀ sáàárín igbó àti ìkòkò ọbẹ̀ ni pé ọwọ́ ti ro ọbẹ̀ pọ̀ kí ṣíbí tó wọ inú rẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè ro igbó. Inú iṣẹ́ ríro yìí ni díẹ̀ ti rí àṣẹ tí ó fi ń sọ̀rọ̀ lórúkọ púpọ̀, ó sì yẹ kí a wo irú àṣẹ tí ó jẹ́, ibi tí agbára rẹ̀ dé, àti ohun tí ó lè bà á jẹ́.

Ní Imota, ìlú kan ní agbègbè Ìkòròdú, ìbéèrè yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán láti oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ síbẹ̀. A ṣe ilé iṣẹ́ náà kí ó lè máa ṣiṣẹ́ lórí tọ́ọ̀nù ìrẹsì 32 ní wákàtí kan, ìwọ̀n tí ó bá àpò 640 dọ́gba bí àpò kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ kìlógíráàmù 50, ìjọba sì ṣírò rẹ̀ pé àpò mílíọ̀nù 2.8 ni yóò lè ti ibẹ̀ jáde lọ́dún. Ìrẹsì eléèpo tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ kò lè ti oko kan ṣoṣo wá. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó kó o jọ, ilẹ̀ wọn kò rí bákan náà, òjò tí ó pa oko wọn kò dọ́gba, iye ọjọ́ tí wọ́n fi sá ìrẹsì wọn sóòrùn kò sì jọra. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ìrẹsì báyìí mọ́ kúrò lọ́wọ́ májèlé kò lè ṣe ju pé kí ó bu àpẹẹrẹ, ìyẹn díẹ̀ tí a mú láti ṣojú fún ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 5 ni ó dé inú ìgò àyẹ̀wò láti inú àpò kan, ìdá kan nínú 10,000 ni ó gbé dání, òun ni yóò sì fi dájọ́ fún gbogbo ìyókù.

Ìdájọ́ yẹn ì bá rọrùn bí ohun burúkú bá máa ń tàn káàkiri inú oúnjẹ bí iyọ̀ ṣe ń tàn nínú ọbẹ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Aflatoxin ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù, ìyẹn májèlé tí olú tíntìntín kan tí a ń pè ní Aspergillus flavus máa ń mú jáde nígbà tí ọkà bá hu. Ọdún 1960 ni ayé kọ́kọ́ kọbi ara sí i, lẹ́yìn tí tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n jẹ, nígbà tí ó sì di ọdún 2004, àgbàdo tí májèlé yìí wà nínú rẹ̀ pa ènìyàn 125 ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Nínú àpò ẹ̀pà tàbí àgbàdo kan, ẹyọ díẹ̀ péré lè ru ẹrù májèlé tí ó pọ̀ gidi nígbà tí àwọn tí ó fara kàn wọ́n mọ́ gaara, bẹ́ẹ̀ ìlànà àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò gba ju ìdá 4 nínú bílíọ̀nù kan lọ nínú ọ̀pọ̀ ọkà tí ènìyàn yóò jẹ. Ẹni tí ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lè bu gbogbo májèlé inú àpò náà, ó sì lè máà bu ẹyọ kan nínú rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ gbágùúdá rí, èyí tí àwọn àgbẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ń fi ṣe gàrí: ìwọ̀n cyanide inú rẹ̀ yàtọ̀ láti gbòǹgbò dé gbòǹgbò, bẹ́ẹ̀ ni àjọ Codex tí ń ṣètò ìlànà oúnjẹ fún gbogbo ayé sọ pé kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kìlógíráàmù gàrí kan. Ìka kò dọ́gba, irúgbìn pẹ̀lú kò dọ́gba. Àyẹ̀wò tí kò bá kọ́kọ́ mú wọn dọ́gba kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun èlò tí a fi ń mú wọn dọ́gba ní yàrá àyẹ̀wò pọ̀, láti orí ẹ̀rọ tí ń lọ ọkà gbígbẹ di lúbúlúbú títí dé orí èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní homogenizer tàbí disperser, tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní ẹ̀rọ ìpòpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọlọ ti mọ ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ dé ìdajì. Ìyá ọlọ kì í kúrò lójú kan, ọmọ ọlọ ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí rẹ̀, ata sì ń fọ́ ní àlàfo tóóró tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Nínú ẹ̀rọ ìpòpọ̀, ọ̀pá irin kan tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ẹnu rẹ̀ ní eyín tàbí ihò gbọọrọ gbọọrọ yí ká, ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí ìyá ọlọ. Abẹ kékeré kan tí mọ́tò ń yí nínú rẹ̀ ni ọmọ ọlọ. Bí abẹ náà ti ń yí, ó ń fa omi àti ohun tí ó wà nínú omi sókè láti ìsàlẹ̀, ó sì ń tì í jáde pẹ̀lú agbára láti ihò ẹ̀gbẹ́, débi pé ohun tí ó bá gba àárín eyín méjèèjì kọjá yóò ya wẹ́wẹ́. Bí abẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 13 bá yí ní ìgbà 24,000 ní ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ ń sáré ju mítà 16 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Usain Bolt, ẹni tí ó sáré mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 9.58 ní ọdún 2009, kò lè lé e bá. Irú mìíràn wà tí kò lo abẹ: ní ọdún 1936 ni Potter àti Elvehjem ṣe èyí tí ó jẹ́ ọ̀pá kan nínú ìgò gíláàsì, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ṣì ń lò láti fọ́ ẹran ara láìpa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ run, èyí tí ó sún mọ́ odó àti ọmọ odó ju ọlọ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti irin tí ó sì wọ inú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ìbéèrè pé, nígbà tí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́, ṣé ohun méjì ti di ọ̀kan ní tòótọ́? Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ti bá ìṣòro yìí jìjàkadì. Ó rí i pé bí àdàpọ̀ bá jẹ́ kìkì pé a gé nǹkan wẹ́wẹ́ tí a sì tò wọ́n mọ́ra, àìríran ènìyàn ni yóò sọ wọ́n di ọ̀kan, nítorí lójú Lynceus, ọkùnrin inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí ojú rẹ̀ mú ju ti gbogbo ènìyàn lọ, kò ní sí àdàpọ̀ kankan. Èdè Yorùbá ti ya oríṣiríṣi ọ̀nà àdàpọ̀ sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́. Nínú àdàlú, ẹ̀wà wà láyè rẹ̀, àgbàdo wà láyè tirẹ̀, ojú sì rí àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ a fi orúkọ kan pè wọ́n. Ohun tí a bá bù là, omi ti wọ inú rẹ̀, orúkọ àtijọ́ ni a ṣì ń fi pè é, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀tàn ti rí ààyè. Ohun tí ó bá yọ́ ti sọ ara rẹ̀ nù sínú èkejì. Bí a bá fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wo iṣẹ́ ẹ̀rọ ìpòpọ̀, àdàlú ni ó ń ṣe, àfi pé ẹ̀wà àti àgbàdo rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ṣì lè rí ẹ̀kán òróró lọ́tọ̀ àti omi lọ́tọ̀. Ìdọ́gba ni ó mú wá, kì í ṣe ìṣọ̀kan.

Ẹ̀rí tí ó dájú sí èyí ni pé agbára kan náà tí ń po nǹkan pọ̀ lè yà wọ́n. Ní ọdún 1952, Alfred Hershey àti Martha Chase, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, mú bùlẹ́ńdà bí èyí tí ń bẹ nínú ilé ìdáná, wọ́n da kòkòrò bakitéríà tí fáírọ́ọ̀sì ti so mọ́ lára sínú rẹ̀, wọ́n sì tàn án. Yíyí rẹ̀ já èèpo fáírọ́ọ̀sì kúrò lára bakitéríà, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ hàn pé DNA ni ó wọlé, tí ó sì ru ogún ẹ̀dá náà. Ìyẹn nìkan kọ́. Ìdọ́gba tí a fi agbára mú wá kì í pẹ́ títí bí kò bá sí ohun tí ó dì í mú, nítorí pé ẹ̀kán òróró máa ń wá ẹ̀kán òróró lọ, èyí tí ó wúwo sì máa ń rì. Nígbà tí Auguste Gaulin ará ilẹ̀ Faransé gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìpo-wàrà rẹ̀ ní ọdún 1899, ohun tí ó rí gbà lọ́wọ́ ọ̀rá wàrà ni pé kí ó pẹ́ kí ó tó léfòó, nítorí ó ti fọ́ ọ kéékèèké. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi àpẹẹrẹ tí ó ti pò sílẹ̀ lọ jẹun kí ó tó padà wá bù ú: bí ẹ̀rọ ti ń dákẹ́ ni ẹ̀rí ti ń yẹ̀.

Atakò kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú tín-ín-rín. Ẹnì kan lè sọ pé ìpòpọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ irọ́ kékeré, nítorí ó mú májèlé tí ó wà nínú ẹyọ ẹ̀pà kan pín fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò ní in, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ń jẹ ìṣirò. Ẹ̀kúnwọ́ ni ènìyàn ń jẹ, ẹ̀kúnwọ́ tí ó sì kan ọmọdé kan lè jẹ́ èyí tí ẹyọ burúkú náà wà nínú rẹ̀. Atakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èsì tí a lè fún un ni pé ìpòpọ̀ kì í dáhùn ìbéèrè nípa ẹyọ. Ìbéèrè nípa àpò ni ó ń dáhùn, ìyẹn bóyá kí àpò náà wọ ọjà tàbí kí ó má wọ̀ ọ́, ìdí náà sì ni òfin ṣe fi ìwọ̀n tí ó gbà sí ibi tí ó rẹlẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá kọ èsì àyẹ̀wò sílẹ̀ bí ẹni pé ó mọ ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó ti ṣàṣejù.

Nínú ìwé tí Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo gbé jáde ní ọdún 1986, lẹ́yìn ìwádìí wọn láàárín àwọn oníṣègùn Yorùbá, wọ́n ṣàlàyé pé ààlà tí Yorùbá pa sáàárín ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ le ju èyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa lọ: ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó mọ̀; ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí ó sì gbà, ó gbà á gbọ́ ni. Bí a bá fi òṣùwọ̀n wọn wọn iṣẹ́ àyẹ̀wò, ìgbàgbọ́ ni gbogbo ẹni tí ó ra àpò ìrẹsì tí a fi òǹtẹ̀ lù ní ọjà Ìkòròdú ní. Aláyẹ̀wò nìkan ni ó ní ìmọ̀, ìmọ̀ tirẹ̀ pàápàá kò sì ju orí gíráàmù 5 tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ gbogbo àpò náà, ìgbàgbọ́ ni fún òun pẹ̀lú, ìgbàgbọ́ nínú ìpòpọ̀ tí ó ṣe, àti nínú ohun kan tí ó ṣòro láti fojú rí, ìyẹn pé ohun èlò tí ó lò mọ́.

Gbogbo ẹni tí ó ti gbé ata lọ sí ìdí ẹ̀rọ rí mọ̀ pé ẹni tí ó bá lọ ata kẹ́yìn ẹni tí ó lọ ẹ̀gúsí yóò gbé ẹ̀gúsí díẹ̀ lọ sílé láìsanwó. Nínú ọbẹ̀, ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà. Nínú àyẹ̀wò tí ń wá ìdá 4 nínú bílíọ̀nù, ohun tí ó ṣẹ́kù sí eyín ọ̀pá láti ara àpẹẹrẹ àná lè dá ẹ̀bi fún àpò tí kò ṣẹ̀. Àwọn ẹ̀sìn ti ronú nípa àṣẹ́kù báyìí jinlẹ̀ ju bí àwọn onísáyẹ́ǹsì ti ń rò lọ. Ẹni tí ń bọ Èṣù kò ní bèèrè ìwọ̀n àdín tí ó ṣẹ́kù sínú àwo kí ó tó kọ̀ ọ́, nítorí èèwọ̀ kò ní òdiwọ̀n. Bí ó bá ti kàn án, ó ti kàn án. Nínú òfin ìmọ́tótó ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ìrònú náà gba ọ̀nà mìíràn: omi tí ó pọ̀ tí ẹ̀gbin já sínú rẹ̀ ṣì mọ́ fún àlùwàlá, àfi bí àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ tàbí òórùn rẹ̀ bá yí padà. Ọ̀kan fi ìfarakàn ṣe ìwọ̀n, èkejì fi ohun tí ojú, ahọ́n àti imú lè mọ̀ ṣe é. Yàrá àyẹ̀wò kò lè gba ti èkíní pátápátá, nítorí kò sí irin tí kò tíì kan nǹkan rí, kò sì lè gba ti èkejì, nítorí ohun tí ó ń wá kọjá ohun tí ahọ́n lè tọ́ wò. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé, lẹ́yìn tí a bá fọ ọ̀pá, kí a fi ọ̀pá kan náà po omi tàbí èròjà mímọ́ tí kò sí àpẹẹrẹ kankan nínú rẹ̀, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni pé àpẹẹrẹ ni. Bí òfìfo yìí bá sọ̀rọ̀, àná ni ó ń sọ. Kò sí apá mìíràn nínú gbogbo iṣẹ́ náà tí ó yẹ ní ọ̀wọ̀ tó èyí, òun náà sì ni àwọn tí ń kánjú kọ́kọ́ máa ń fò.

Fífọ̀ náà ní ètò. Kété tí iṣẹ́ bá parí, kí ohun tí ó lẹ̀ tó gbẹ, a ó yí ọ̀pá náà nínú omi tàbí èròjà tí ó lè yọ́ ohun tí a pò, lẹ́yìn náà nínú omi ọṣẹ, lẹ́yìn náà nínú omi tí a sè di oru tí a sì gbà padà, èyí tí kò ní iyọ̀ nínú. Yíyí nìkan kò tó: a gbọ́dọ̀ tú abẹ kúrò nínú ọ̀pá, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ gbo àárín eyín rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó tò ó padà. Kò yẹ kí a rẹ ẹ́ sínú omi tí chlorine wà nínú rẹ̀ bí Hypo, nítorí irin tí a sọ pé kì í dípẹtà máa ń ní ihò tíntìntín nínú irú omi bẹ́ẹ̀, inú ihò náà ni ẹ̀gbin ọ̀la yóò sì fi ṣe ilé. Bí àpẹẹrẹ bá pọ̀, àwọn tí a rò pé ó mọ́ ni a ó kọ́kọ́ pò, kí a tó kan àwọn tí a fura sí.

Lílò rẹ̀ pẹ̀lú ní èèwọ̀ tirẹ̀. A kì í yí i ní gbígbẹ, nítorí omi àpẹẹrẹ gan-an ni ó ń tu bùṣì rẹ̀ lára, ìyẹn òrùka rọ́bà líle tí abẹ ń yí lórí rẹ̀; bí omi kò bá sí, òrùka náà yóò gbóná, yóò sì jẹ, ẹ̀rún rẹ̀ yóò sì máa bọ́ sínú ohun tí a ń yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ tí ó ti gbó bẹ́ẹ̀ dà bí ẹlẹ́rìí tí ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́. A kì í gbé ọ̀pá sí àárín gbùngbùn ìgò, nítorí omi yóò dá ihò yíyí tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ̀gbẹ́ kan ni a ń gbé e sí, kí ó má sì kan ìsàlẹ̀. Ohun tí ó bá tóbi ju ẹnu ọ̀pá lọ, a ó kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gé e. Ìyára kékeré ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ooru lè bàjẹ́, a ó gbé ìgò rẹ̀ sínú yìnyín, a ó sì máa yí i díẹ̀díẹ̀, nítorí agbára tí ń fọ́ nǹkan ń gbóná wọ inú rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ gbé mọ́tò tí ń ta iná sí ìtòsí èròjà tí èéfín rẹ̀ lè gbiná. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀kan tún kù tí ìwé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kì í sábà tẹnu mọ́: bí iná mànàmáná bá lọ lójijì, kí a pa bọ́tìnì ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé bí iná bá dé, yóò bẹ̀rẹ̀ ní eré kíkún, tí yóò sì ta àpẹẹrẹ sí ojú ẹni tí ó dúró tì í.

Nínú ilé ẹjọ́ Nàìjíríà, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra níbi tí ẹlòmíràn ti fi Bíbélì tàbí Kùránì búra, nítorí a gbà pé Ògún kò fi ojú rere wo ẹni tí ó bá purọ́ níwájú irin. Ẹni tí ó búra ni ó ń bẹ̀rù irin nínú ìbúra yìí; irin fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Nínú yàrá àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ yí padà: irin ni ó ń jẹ́rìí, ènìyàn ni ó sì gbọ́dọ̀ mú un mọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó rí aláyẹ̀wò nígbà tí ó fọ ọ̀pá tàbí nígbà tí kò fọ̀ ọ́, ìwé èsì kì í sì í sọ ọ́. Nígbà tí ó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá fọ ọ̀pá kan tán, ilé iṣẹ́ Imota, bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dé gbogbo agbára tí a fún un, ti lọ ìrẹsì tí ó ju ẹ̀kún àpò 100 lọ.